Òǹkà Yorùbá gẹ́gẹ́ bí Ìpìlẹ̀ fún Ẹ̀kọ́ Ìṣirò ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

1. Ìfáárà

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni olùkọ́ ìṣirò lè rí dì mú nínú ohun tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ kí ó tó wọ kíláàsì àkọ́kọ́? Èdè tí a ó fi kọ́ ọmọ ni àríyànjiyàn sábà máa ń dá lé. Ìlànà Ètò-Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-Èdè (1977) fọwọ́ sí lílo èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà mìíràn tí ó na àsìkò náà dé ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé ìlànà 2022, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ èdè nìkan kọ́ ni ó wà nílẹ̀. Olùkọ́ lè fi Yorùbá sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé ìṣirò láìfọwọ́ kan ohun tí ọmọ mọ̀ rárá.

2. Ìṣirò tí ó wà nínú òǹkà

Láti oókan dé ẹẹ́wàá, orúkọ lásán ni òǹkà. Orí mọ́kànlá ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá jẹ́ àròpọ̀: iye tí ó lé lórí mẹ́wàá ni a ń pè. Bí a bá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú a yí sí ogún tí ó ń bọ̀ níwájú, a ó sì máa pe iye tí ó dín: 16 jẹ́ mẹ́rin dín ní ogún, 19 jẹ́ ọ̀kan dín ní ogún. Ogún yìí kan náà ni òpó àwọn òǹkà tí ó tẹ̀ lé e. Ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, àádọ́ta sì jẹ́ ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá. Nítorí náà, ọmọ tí ó pe mẹ́rìndínláàádọ́ta ti lo ìsọdipúpọ̀ lẹ́ẹ̀kan àti àyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: 20 lọ́nà 3, yọ 10, yọ 4.

A kò sọ pé ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ láìmọ gírámà ni ó ń kà láìmọ ìṣirò inú rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti fà á jáde. Kí a mú 36 àti 19 bí àpẹẹrẹ. Orúkọ 19 fúnra rẹ̀ ti tọ́ka sí ọ̀nà tí ó yá: fi 20 kún 36, kí o sì yọ 1, ó di 55. Olùkọ́ tí ó ní kí ọmọ to 36 sórí 19, kí ó ro 6 mọ́ 9, kí ó sì gbé 1 lọ sí apá òsì, kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n ó ti fi ohun tí ọmọ gbé wá láti ilé sílẹ̀ láìlò.

Ìmọ̀ yìí kò pin sí ẹnu. Ọpọ́n ayò ní ilé 12, ọmọ ayò 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. Ẹni tí ó mọ ayò ta yóò ti mọ ilé tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí kí ó tó fọwọ́ kan èyí àkọ́kọ́. Bákan náà ni ọmọ tí ó ń kiri ọsàn mọ iye owó tí yóò dá padà fún oníbàárà, ó sì mọ bí èènì ti ń dín èrè kù.

3. Ibi tí ìṣòro wà

Ìmọ̀ ilé lè di ohun ìkọ̀sẹ̀ bí olùkọ́ kò bá ṣọ́ra. Nígbà tí ọmọ bá gbọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta, mẹ́rin ni ó kọ́kọ́ gbọ́. Lójú pátákó, 46 ni ó rí, 4 ni ó sì ṣáájú níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n mẹ́rin méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí ó gbọ́ jẹ́ ẹyọ mẹ́rin tí kò jẹ́ kí iye náà pé àádọ́ta. Èyí tí ó rí jẹ́ ẹ̀wá mẹ́rin.

Òkúta wẹ́wẹ́ tó láti tú u. Kí a to ogún-ogún sílẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Kí ọmọ yọ mẹ́wàá, ó ku àádọ́ta. Kí ó yọ mẹ́rin, ó di mẹ́rìndínláàádọ́ta. Lẹ́yìn náà ni kí ó tún èyí tí ó kù tò ní mẹ́wàá-mẹ́wàá: yóò rí òkìtì mẹ́rin, ẹyọ mẹ́fà yóò sì ṣẹ́kù. Ìgbà náà ni kí a tó kọ 46.

A gbọ́dọ̀ fi kún un pé ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìlú ńlá ni ó jẹ́ pé òǹkà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bá nílé. Olùkọ́ ní láti wádìí ohun tí ọmọ mọ̀, kì í ṣe kí ó gbà bẹ́ẹ̀ nítorí orúkọ tí ọmọ ń jẹ́.

4. Ẹ̀rí láti Ifẹ̀

Ní oṣù kìíní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni a fi kọ́ àwọn tí a fi wọ́n wé. Àwọn ti àkọ́kọ́ ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí a kíyè sí i pé àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà kọ ìwé tuntun ní Yorùbá fún ẹ̀kọ́ náà.

Helen Verran, tí ó bá àwọn olùkọ́ ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ròyìn nínú ìwé rẹ̀ (2001) nípa olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìwọ̀n gígùn. Olùkọ́ náà fi okùn wọn ìdúró ọmọ, ó wé okùn ọ̀hún mọ́ káàdì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ó ka iye okùn tí ó wà lójú káàdì ní ẹ̀wá-ẹ̀wá, ó sì fi èyí tí ó ṣẹ́kù kún un. Ó yé àwọn ọmọ. Lójú tiwa, kíkà ní ìdì-ìdì, bí òǹkà Yorùbá ti ń ṣe, ni ó sọ gígùn di ohun tí wọ́n lè kà.

5. Ìkádìí

Ìlànà ìjọba lè yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Èdè yòówù kí ó fi lélẹ̀, ọmọ kì í wọ kíláàsì lọ́wọ́ òfo. A dábàá pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní bí òǹkà Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, àti bí a ti ń ti orí rẹ̀ dé orí nọ́ńbà tí a ń kọ sílẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ilé-ìwé má ṣe jẹ́ ibi tí a ti ń bọ́ ọ dànù.