Ìkòkò Tíì Onígíláàsì
Wilhelm Wagenfeld (1900–1990) ló ya àwòrán rẹ̀, 1931
Ilé-iṣẹ́ Schott & Genossen, Jena, Jámánì

Gíláàsì, arẹwà tí kì í fi inú pamọ́, a máa sán bí omi híhó bá já lù ú lójijì. Ṣùgbọ́n irú èyí tí Otto Schott, ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, po èròjà borọ́nì mọ́ kì í fẹ̀ púpọ̀ nínú ooru, òun ni Wagenfeld sì fi ṣe ìkòkò rọ̀bọ̀tọ̀ yìí, tòun ti asẹ́ gíláàsì inú rẹ̀, kí ẹni tí ń po tíì lè máa fojú ara rẹ̀ rí i bí omi ti ń pọ́n, kí ó sì yọ asẹ́ kúrò kí tíì tó korò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: síbẹ̀, a kì í gbé ìkòkò yìí ní gbígbóná bọ omi tútù.