Ọmọ Tí Ọkàn Rẹ̀ Kì Í Dúró Sójú Kan
Ìwé ìlàlóye fún òbí àti olùkọ́ ní Ìkògòsì-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀

Nínú kíláàsì ọmọ 40, ó ṣeé ṣe kí mẹ́ta ní ADHD, ìyẹn ìṣòro àìlè pa ọkàn pọ̀ tàbí àìlè kó ara ẹni níjàánu. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 lórí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà rí i lára nǹkan bí 9 nínú 100. Lẹ́nu wa, olórí kunkun ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́, tàbí ọ̀lẹ, tàbí ọmọ tí ayé ń ṣe.

Inú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Apá tí ń bá ènìyàn kó ara rẹ̀ níjàánu, tí ń rán an létí ohun tó kàn, tí ń jẹ́ kó lè fara da iṣẹ́ tí kò dùn, máa ń pẹ́ kó tó gbó lára wọn. Ó sábà máa ń bá ìdílé rìn. Bàbá tó bá rántí ìgbà èwe tirẹ̀ dáadáa lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àìkọ́gbọ́n nílé, ṣúgà kọ́ ló sì fà á. Ọmọ náà mọ̀ pé ó yẹ kí òun jókòó. Kò ṣaláìmọ̀, ṣíṣe é lásìkò ni kò rọrùn fún un.

Ọmọ tó ń gun orí tábìlì kò ṣòro láti rí. Èyí tí a máa ń gbójú fò ni èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́bàá fèrèsé, pàápàá ọmọbìnrin, tí ojú rẹ̀ wà lára pátákó ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ ti lọ. Kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè.

Kí ẹ tó pè é ní ADHD

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú ọmọ wò. Èyí tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, tí kò rí pátákó, tí kò sùn tó, tí ebi ń pa, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó lè hùwà bẹ́ẹ̀. Irú wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀. Ọmọ náà kàn máa ń ranjú fún ìgbà díẹ̀, tísà á rò pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́ ni. Kí dókítà tó gbà pé ADHD ni, àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, kó ti tó oṣù 6 ó kéré tán, kó sì máa hàn nílé àti nílé-ìwé. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ tísà kan ṣoṣo ni wàhálà náà wà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pàṣán

Èkìtì ni wá, a fẹ́ràn ìwé. Ìfẹ́ yẹn dára, àmọ́ òun náà ló ń jẹ́ kí ọwọ́ wa yá sí pàṣán. Ẹgba lè mú ọmọ yìí jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò lè kọ́ ọ bí a ti ń pa ọkàn pọ̀. Ohun tó ń kọ́ ọ ni pé òun ò dáa, ó sì lè tìtorí rẹ̀ sá kúrò nílé-ìwé.

Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí tísà fi í sí iwájú, kó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Kó sọ ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kó kọ ọ́ sára pátákó, kí ọmọ sì tún un sọ. Ìṣirò ogún á mú kó sú u. Ẹ fún un ní márùn-ún, kó gbé e wá, kó tó gba márùn-ún mìíràn. Ẹ rán an níṣẹ́: kó nu pátákó, kó pín ìwé, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Bó bá ṣe dáadáa, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀bùn ìparí táàmù ti jìnnà jù fún un.

Ìwé pélébé tó ń lọ sílé, tó sì ń padà wá síléèwé, tún dára, ó sì rọrùn. Ohun mẹ́ta péré ni kó wà níbẹ̀, bíi "ó parí iṣẹ́ rẹ̀", "ó nawọ́ kó tó sọ̀rọ̀", "ó kó ìwé rẹ̀ wá". Tísà á máa sàmì sí i lójoojúmọ́. Bí ìyá bá wà lọ́jà tàbí lóko, ìyá àgbà lè kà á. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí èrè ti wá: kí ọmọ yan oúnjẹ alẹ́, tàbí kó gbá bọ́ọ̀lù pẹ́ díẹ̀.

Nílé

Bó bá dé, kó jẹun, kó sáré kiri, lẹ́yìn náà kó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kí ilẹ̀ tó ṣú. (Ẹ má dúró de iná ìjọba.) Kó máa jókòó síbì kan náà, kí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù wà ní pípa. Kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sinmi fún 5. Àwọn àgbà inú wọn tó ń múra WAEC kò gbọ́dọ̀ kàn máa ka ìwé léraléra. Kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n kà sókè, kódà bí wọ́n bá ń rìn káàkiri. Nínú ìdánwò, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ohun tí ìbéèrè ní kí wọ́n ṣe. Alẹ́ ni kí wọ́n ti di báàgì ọjọ́ kejì.

Ibi tí ẹ lè lọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìlera tó súnmọ́ yín. Wọ́n lè darí yín sí ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, tàbí ilé-ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Oògùn wà, bíi methylphenidate, ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kó sì máa wo bí ọmọ ṣe ń jẹun, bó ṣe ń dàgbà àti bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ẹ má rà á ní kẹ́mísì fúnra yín, ẹ má sì fún ọmọ ní oògùn ọmọ ẹlòmíràn. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òbí ló kọ́kọ́ kàn. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, káàdì èsì rẹ̀ àti lẹ́tà tísà dání.