Ṣé o mọ̀? Àwọn ẹyẹ tó ń kọjá lókè Babbar Kasuwa

Ṣé o mọ̀ pé lékèélékèé tí àwọn ọmọdé ń na èékánná sí ní Ìbàdàn àti Òṣogbo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkè ọya ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ yé ẹyin wọn? Bí òjò bá ti rinlẹ̀, wọ́n á kọrí sí àríwá, sí Ṣókótó, Kánò àti gbogbo ilẹ̀ tó bá aṣálẹ̀ Sàhárà pààlà, torí ìgbà náà ni koríko ń hù níbẹ̀, tí tata sì ń pọ̀ lẹ́sẹ̀ màlúù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìtẹ́, tí wọ́n ti ń pamọ. Bí òjò bá dá, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, wọ́n á tún darí wá sọ́dọ̀ wa. Àwa ń pè é ní tiwa, ará Ṣókótó náà ń pè é ní tirẹ̀, àwa méjèèjì la sì jàre.

Ṣé o mọ̀ pé àwòdì náà ń rin irú ìrìn yìí? Nígbà òjò, á fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lọ sókè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á padà, ìyá adìyẹ kò sì ní fọkàn balẹ̀ mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú Ṣókótó, wà ní agbègbè tí ẹyẹ láti Yúróòpù ń bà sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti la Sàhárà já? Aṣálẹ̀ tó lé ní 1,500 kìlómítà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fò kọjá, òmíràn nínú wọn kò sì wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 10 lọ. Láti oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti ń dé. Ṣókótó fúnra rẹ̀ kì í ṣe aṣálẹ̀ gan-an, etí rẹ̀ ló wà, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sahel. Etí náà ni ẹ̀mí ẹyẹ wà. Ẹyẹ tí kò bá rí kòkòrò jẹ níbẹ̀ kò lè padà sílé.

Ṣé o mọ̀ bí wọ́n ṣe mọ ìyẹn? Ẹyẹ kékeré kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní whitethroat. Ní 1968, ọ̀dá mú Sahel. Nígbà tó di ìgbà ìrúwé 1969, àwọn tó máa ń ka ẹyẹ ní Britain lọ síbi tí wọ́n ti ń rí i lọ́dọọdún, wọ́n sì bá ibẹ̀ ní òfo. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, 77 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò padà. Ará ìlú ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ka ẹyẹ náà, ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wọn. Ìwé kékeré àti gègé ni wọ́n fi mọ̀ pé òjò kò rọ̀ ní apá ibi tiwa. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sọ pé iṣẹ́ aláìríṣe ni wíwo ẹyẹ.

Ṣé o mọ̀ pé àparò kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin tó kú lẹ́bàá Ṣókótó? Hugh Clapperton ni ọkùnrin náà, ará Scotland. Ó kọ́kọ́ dé Ṣókótó ní 1824, ó sì rí Sultan Muhammadu Bello. Ní 1826, àwọn onímọ̀ ní London fi orúkọ rẹ̀ pe àparò ilẹ̀ Sahel kan, wọ́n sì fi orúkọ Dixon Denham, tí wọ́n jọ rin ìrìnàjò àkọ́kọ́, pe ẹyẹ ńlá kan tó máa ń fẹsẹ̀ rin pápá. Ní ìrìnàjò rẹ̀ kejì, Àgbádárìgì ni Clapperton gúnlẹ̀ sí, ó la ilẹ̀ Yorùbá kọjá, ó kí Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, kó tó forí lé òkè. Ó kú ní oṣù Kẹrin 1827. Àparò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì ń ké títí di òní.

Ṣé o mọ̀ pé ògòngò ti rìn nínú igbó ilẹ̀ Haúsá àti Bọ̀nọ́ rí? Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin, àwọn oníràkúnmí ń di ìyẹ́ rẹ̀ láti Kánò lọ sí Tripoli, kí àwọn obìnrin Yúróòpù lè fi ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́. Ìbọn àti òwò ló lé e kúrò. Ní orílẹ̀-èdè Niger tó bá Ṣókótó pààlà, wọ́n ti ń sin ín ní ìlú Kellé báyìí kí wọ́n lè dá a padà sínú igbó. Ọba ẹyẹ ni à ń pè é nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ pé aládùúgbò wa ni í ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé ẹyẹ kan wà ní ilẹ̀ gbígbẹ tó ń fi àyà pọn omi fún ọmọ? Ó fara jọ ẹyẹlé, sandgrouse lorúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Akọ rẹ̀ á wọ inú omi, ìyẹ́ ikùn rẹ̀ á fa omi mu, á sì fò padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó wà lórí iyanrìn gbígbóná, kí wọ́n lè máa fa omi náà mu láti ara rẹ̀. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan sọ ọ́ ní 1896, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò gbà á gbọ́. Ó di 1967 kí ìwádìí tó fi hàn pé òótọ́ ni.

Ṣé o mọ̀ pé ẹyẹ kan ń gbé etí Odò Ọya àtàwọn odò ńláńlá òkè ọya tó ń fi iyanrìn bo ẹyin rẹ̀, tí oòrùn bá sì mú jù, á rẹ àyà sínú omi láti wá fi tu ẹyin nínú? Egyptian plover ni. Láti ayé Herodotus, òpìtàn Gíríìkì àtijọ́, ni wọ́n ti ń sọ pé ó máa ń wọ ẹnu ọ̀nì láti ṣa ẹran kúrò nínú eyín rẹ̀. Kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú fún èyí. Ti omi àyà rẹ̀ ni òótọ́, òun ló sì yà mí lẹ́nu jù.

Ṣé o mọ̀ pé àkọ̀ kan wà tí Haúsá ń pè ní shamuwa, tó máa ń dé pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀? Orí igi inú agbo ilé àti orí òrùlé ló ń kọ́ ìtẹ́ sí, àwọn onílé kì í sì í lé e, torí wọ́n gbà pé òun ló mú òjò wá. Kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ, kò sì sí ilé ẹjọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìgbàgbọ́ ará abúlé ni òfin tó ń dáàbò bò ó.

Àwa náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí? Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbí, torí igún ni ìdí ọ̀rọ̀ mi gan-an.

Oríṣi igún tó máa ń bà sí odò ẹran, sórí òrùlé ọjà, sí ibi tí wọ́n ń da pàǹtírí sí, hooded vulture ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwọn àgbàlagbà rántí ìgbà tí kò sí odò ẹran tí kò sí igún. Láti 2015 ni àjọ IUCN, tó ń kọ orúkọ ẹ̀dá tó fẹ́ parun lágbàáyé, ti gbé e sí ìpele tó léwu jù lọ, èyí tó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó run nínú igbó. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá pa òbí kan, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò gbà kí òmíràn tó dípò rẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tó ń pa á? Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 kó àkọsílẹ̀ ikú igún jọ káàkiri Áfíríkà: májèlé ló fa 61 nínú ọgọ́rùn-ún, òwò oògùn ìbílẹ̀ ló fa 29. Ní 2020, ó lé ní 2,000 igún tí wọ́n fi májèlé pa ní Guinea-Bissau láàárín àkókò díẹ̀, wọ́n sì gé orí àwọn kan lọ. Ní Nàìjíríà, ìwádìí tó jáde ní 2013 ti fi hàn pé wọ́n ń ta ẹ̀yà ara igún ní àwọn ọjà òkè ọya. A kò sì gbọ́dọ̀ na ìka sí òkè ọya nìkan. Orí igún wà lórí àtẹ lẹ́kúlẹ́já nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí èèwọ̀ yẹn ti jáde wá. Ẹni tó bá ra orí igún fún oògùn àwúre lónìí, èèwọ̀ àwọn bàbá rẹ̀ ló fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé a ti rí orílẹ̀-èdè tí igún rẹ̀ tán lójijì, a sì rí ohun tó tẹ̀lé e? Íńdíà ni. Láti àwọn ọdún 1990, oògùn diclofenac tí wọ́n ń fún màlúù ń pa igún tó bá jẹ òkú màlúù náà. Àwọn oríṣi kan dín kù ju 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òkú ẹran jẹrà nílẹ̀, ajá pọ̀, àìsàn tàn kálẹ̀. Ìjọba fòfin de oògùn náà fún ẹran ní 2006. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ṣírò rẹ̀ pé àìsí igún ló fa nǹkan bí 500,000 ikú èèyàn láàárín 2000 sí 2005. Ásíìdì inú igún le débi pé ó ń pa kòkòrò àrùn tí yóò pa àwa. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí kì í béèrè owó oṣù ni.

Ṣé o mọ̀ pé igún funfun kan ń wá láti ilẹ̀ Balkan ní Yúróòpù dé Nàìjíríà àti Niger? Egyptian vulture ni. Láàárín 2017 sí 2022, àwọn orílẹ̀-èdè 14 tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ pawọ́ pọ̀ láti gbà á là. Ní ilẹ̀ wa, Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ṣojú fún wa, wọ́n sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ewé àti egbò rọ́pò ẹran ara igún. Ọ̀nà tó dára jù ni mo rí nínú rẹ̀, torí oníṣègùn ló mọ ohun tí ewé lè ṣe. Òun ló yẹ kó sọ ọ́ fún ẹni tó ń wá orí igún.

Àmọ́ gbogbo ẹyẹ kọ́ ló fẹ́ tán. Ṣé o mọ̀ pé ẹyẹ igbó tó pọ̀ jù láyé wà ní oko Ṣókótó àti Kebbi? Jan baki ni Haúsá ń pè é, quelea ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ìbátan ẹ̀gà ni. Wọ́n fojú bù ú pé ó lè tó bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá pamọ. Ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 10 ọkà lóòjọ́. Agbo mílíọ̀nù méjì lè jẹ 20 tọ́ọ̀nù kí ilẹ̀ tó ṣú. Àgbẹ̀ tó gbin jéró àti ìrẹsì, tó jí láàárọ̀ tó bá pòròpórò, ìbínú rẹ̀ tọ́.

Ìjọba máa ń fi bàálù fọ́n májèlé sí ibi tí jan baki ń sùn sí. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé májèlé fenthion tí wọ́n ń lò káàkiri Áfíríkà kò yan ẹyẹ. Òwìwí àti àṣá tó jẹ jan baki tó ti fara gbá a ń kú pẹ̀lú, àwọn gan-an ló sì ń bá àgbẹ̀ pa eku àti tata. Lẹ́bàá Adágún Chad, àwọn ọlọ́dẹ ń fi àwọ̀n kó jan baki ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù lọ́dún, wọ́n ń dín in, wọ́n ń tà á. Ẹni tó bá fi àwọ̀n kó o ti dín ọ̀tá oko kù, ó ti rí ẹran jẹ, kò sì fi májèlé sínú omi ẹnikẹ́ni. Tèmi ni pé kí ìjọba ra àwọ̀n kí wọ́n tó rọ epo sínú bàálù.

Ṣé o mọ̀ pé igi dóńgóyárò tó kún Ṣókótó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa? Ghana ni èso rẹ̀ ti wá ní 1928, Bọ̀nọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín sí. Ibòji rẹ̀ dára, àmọ́ kòkòrò ń sá fún ewé rẹ̀, ẹyẹ tó ń wá kòkòrò kò sì rí nǹkan púpọ̀ jẹ lórí rẹ̀. Igi gawo ti ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ń yọ ewé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí igi yòókù gbẹ. Ṣókótó wà lára ìpínlẹ̀ 11 tí iṣẹ́ igi gbíngbìn Great Green Wall ń kàn ní Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí irú igi bíi gawo pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbìn.

Ṣé o mọ̀ pé ìwọ náà lè bá wọn ka ẹyẹ? Ilé ìwádìí A. P. Leventis ní Laminga, lẹ́bàá Jos, bẹ̀rẹ̀ Nigeria Bird Atlas Project ní 2015. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè yìí sí àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án níbùú àti lóòró. Ẹni tó bá fẹ́ kópa á yan ọ̀kan, á lo ó kéré tán wákàtí méjì níbẹ̀, á sì kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbọ́ ohùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra. Áàpù BirdLasser lórí fóònù ló ń gbà á sílẹ̀, kódà níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ̀kì. Ẹgbẹ́ awòyẹ ti wà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ báyìí.

Àìsí ààbò ti sọ ọ̀pọ̀ igbó àti etí odò ní ìhà Ṣókótó di ibi tí èèyàn kò lè dá wọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ Babbar Kasuwa. Ẹyẹlé abìlà, àdàbà, ológoṣẹ́, kannakánná, àwòdì: gbogbo wọn ni ọlọ́jà lè kà láti ẹnu ìsọ̀ rẹ̀. Ibi tí igún bá ti tán, àkọsílẹ̀ pé a wò títí a kò rí i ṣe pàtàkì bí àkọsílẹ̀ pé a rí i.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún ni ọjọ́ tí gbogbo àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún igún. Bí ọjọ́ náà bá dé, lọ sí odò ẹran tó sún mọ́ ọ, ní Ṣókótó tàbí ní Ìbàdàn, ka iye igún tí o rí, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ òdo. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o lọ bá òun ra orí igún wá, sọ fún un pé a kì í pa igún.