Ìfarawé: Eré Tí Ń Kọ́ Ọwọ́ Níṣẹ́



Ẹ ti rí ọmọbìnrin kékeré tí ó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ro ọkà, tí ó ń fi ewé bu ọbẹ̀. Kò sí iná, kò sí ẹni tí yóò yó. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń ṣe é. Ìfarawé nìyẹn: kí á ṣe nǹkan bí ẹni pé òótọ́ ni, níbi tí àṣìṣe kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára. Irọ́ kọ́ ni, nítorí gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ̀ pé eré ni.

Àgbàlagbà náà ń ṣe é. Láti 1929 ni Edwin Link, ará Amẹ́ríkà, ti ṣe ẹ̀rọ kan tí ó dà bí ọkọ̀ òfuurufú ṣùgbọ́n tí kì í kúrò nílẹ̀, kí àwọn awakọ̀ lè fi kọ́ṣẹ́.

Èyí tí ó kàn wá jù ni ti ìgbẹ̀bí. Nígbà mìíràn a bí ọmọ, kò ké, kò mí. Láàárín ìṣẹ́jú 1 péré, agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ nù ún gbẹ, kí ó fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá tíì mí, kí ó fi àpò afẹ́fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ta ni yóò fi ọmọ ọlọ́mọ kọ́ irú iṣẹ́ yìí? Ní 2010, àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn gbé ẹ̀kọ́ kan jáde tí a ń fi ọmọláńgidi ṣe. Omi lítà 2 ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ kí ó lè wúwo bí ọmọ tuntun. Bí olùkọ́ bá tẹ ohun kan, àyà rẹ̀ a máa lọ sókè sódò. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́.

Ní ilé ìwòsàn Haydom, ní ìgbèríko Tanzania, wọ́n fi ọjọ́ 1 kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Iṣẹ́ wọn dára sí i lórí ọmọláńgidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ gidi dé, ìtọ́jú wọn kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu: ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí ó di kálámù mú lẹ́ẹ̀kan kò tíì mọ̀wé kọ. Láti 2011, wọ́n yí i padà: ìṣẹ́jú 3 sí 5 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi iṣẹ́ wọn gan-an. Láàárín ọdún 1, àwọn ọmọ tí ń kú kí wákàtí 24 tó pé dín kù láti bí 11 nínú 1,000 sí bí 7.

Nítorí náà, bí ẹ bá bá àwọn agbẹ̀bí nídìí ọmọláńgidi, ẹ má bú wọn pé wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣeré. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é gbẹ̀yìn.