Bí Eré Ọba Kò So Ṣe Dáyé

Òṣogbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré Ọba Kò So, lọ́dún 1963, ní ibùdó Mbárí-Mbáyọ̀ tí Dúró Ládipọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú pẹ̀lú Ulli Beier, ará Jámánì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Ládipọ̀, tíṣà sì ni. Ó ti kó ìlù ìbílẹ̀ wọ ilé ìjọsìn fún orin Àjíǹde rí. Inú àwọn àgbà ìjọ kò dùn sí i, ló bá gbé orin rẹ̀ lọ síbi tí ìlù kò ti jẹ́ èèwọ̀.

Láyé ìgbà náà, inú ìwé ni ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ti mọ Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́ tí eré náà dá lé. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ lọ́dún 1897 (wọn ò tẹ̀ ẹ́ títí di 1921), sọ pé ọba náà fi oògùn fa àrá sórí ààfin ara rẹ̀, taya tọmọ kú, òun náà sì pokùn so. Àwọn oníṣàngó kò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ta ní ń bi wọ́n? Inú oríkì àti ìlù bàtá ni ẹjọ́ tiwọn wà, àwọn tó ń kọ̀wé kò sì fi bẹ́ẹ̀ ka ìyẹn sí ìtàn.

Ládipọ̀ kò dá ọ̀rọ̀ Ṣàngó rò látọkàn ara rẹ̀. Oríkì òrìṣà, ìjálá ọdẹ, ọfọ̀ irú èyí tí Gbọ̀nkáà, balógun Ṣàngó, fi mú Tìmì, balógun kejì, sùn, gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu ará ìlú kó tó dé orí ìtàgé. Àwọn onílù náà ń dá sí ìtàn bí òṣèré. Ládipọ̀ ló ṣe Ṣàngó. Abíọ́dún aya rẹ̀ la sì mọ̀ mọ́ Ọya, aya Ṣàngó. Ṣàngó tiwọn kì í ṣe ìkà ọba lásán: ó há sáàárín ìlú tó ń fẹ́ àlàáfíà àti balógun méjì yìí tí apá rẹ̀ kò ká. Ó fi ìbínú pa àwọn èèyàn rẹ̀, Ọya fi í sílẹ̀, ó pokùn so. Eré náà kò bo èyí mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àrá sán, tí àwọn olùsìn rẹ̀ figbe ta pé ọba kò so. Ẹ̀rí méjèèjì wà níbẹ̀, òǹwòran ni yóò dájọ́.

Wọ́n gbé e lọ sí Berlin lọ́dún 1964, àti sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1965. Ìwé rẹ̀ pàápàá, ẹ̀yìn eré ló dé: ohùn tí Curt Wittig gbà sórí téèpù ni Robert Armstrong, Robert Awújọọlá àti Val Ọláyẹmí tẹ́tí sí, tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí Yunifásítì Ìbàdàn tó tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1968.