Àpò oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí David Wagner fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe
Geneva, Illinois, Amẹ́ríkà. Ike, igi àti bébà.

Àwọn àgbà tí ń kì ọmọ ní aṣọ, tí wọ́n ń kì í ní iyì, àwọn náà ni wọ́n sọ pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Nígbà tí Doris, aya Wagner, bí ọmọ kẹrin tán, tí oníṣègùn sì kọ oògùn tuntun nì fún un, èyí tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ìfètòsọ́mọbíbí ní 1960, kì í ṣe oògùn ni ó dá gbọ́nmi-si-omi-ò-tó sílẹ̀ nínú ilé bí kò ṣe kíkà rẹ̀, nítorí ogún ọjọ́ ni a ń lò ó nígbà náà, hóró kan lójoojúmọ́, kí họ́mọ̀nù inú rẹ̀ má baà jẹ́ kí ẹyin obìnrin já, inú ìgò lásán ni ó sì ń wà, ọkọ a sì máa bi aya léèrè ṣáá pé, “Ǹjẹ́ o ti lò ó?”

Wagner, ẹlẹ́rọ tí kì í káwọ́ gbera, to hóró sórí bébà tí ó kọ orúkọ ọjọ́ sí. Bébà ṣubú, oògùn fọ́n ká. Ó wá lu ike ní ihò, ó to mẹ́ta léra, ó sì fi bọ́tìnnì tí ó yọ lára ohun ìṣeré ọmọdé so wọ́n pọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: igi gígé ni hóró wọ̀nyí. Ó gba ìwé-àṣẹ oníhùmọ̀ ní 1964. Ilé-iṣẹ́ oògùn Ortho, tí ó ti ń ta àpò tí ó jọ ọ́ láti 1963, san $10,000 fún un.