Mẹkáníìkì Ọkọ̀ Àjàgbé àti Iná Ọ́ìlì Tó Tàn

Bí iná ọ́ìlì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ àjàgbé, ìdájọ́ méjì ló sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa. Ọ̀kan ni pé kí dírẹ́bà lọ ra ọ́ìlì tó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èkejì ni pé ẹ́ńjìnnì ti gbó, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n tú u palẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò gbà ju kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì kan lọ. Ti èkejì á jẹ ọ̀pọ̀ ọjọ́ àti owó gọbọi. Ohun tó yẹ kó ṣáájú méjèèjì, ìyẹn kí wọ́n wá ibi tí púrẹ́ṣọ̀ ti ń sá lọ, kì í sábà wáyé. Àwọn tó ń dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ máa ń sọ pé àìkàwé mẹkáníìkì ló fà á, wọ́n á sì dábàá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti fìlà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó ti pẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì mọ ohun tó ń gbé púrẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì wálẹ̀ ju ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ wá dá a lẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ohun tó tú àti ohun tó pààrọ̀ la ń sanwó fún. Ohun tó mọ̀, ọ̀fẹ́ la fẹ́ gbà á.

Gééjì tó ń ka púrẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì fúnra rẹ̀ kò sọ tó bí a ṣe rò. Òṣùwọ̀n psi tí fókánáísà fi ń wọn táyà náà la fi ń kà á. Bí ẹ́ńjìnnì ńlá bá ti gbóná tán, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ló gbà pé psi 10 sí 15 kò burú nígbà tó wà ní sílò, láìtẹ iná, wọ́n sì ń retí bíi 40 sí 60 bó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n púrẹ́ṣọ̀ yìí kọ́ gan-an ló ń gbé kíráńkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, dúró lórí bíárìǹgì. Lọ́dún 1883 ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Beauchamp Tower, gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí irú bíárìǹgì tí ọkọ̀ ojú irin ń lò jáde. Ó ti lu ihò sókè bíárìǹgì náà kí ọ́ìlì lè máa gba ibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n jíjáde ni ọ́ìlì ń jáde. Ó fi igi dí ihò náà, ọ́ìlì tún ti igi jáde. Nígbà tó so gééjì mọ́ ọn, púrẹ́ṣọ̀ tó bá níbẹ̀ ju ìpíndọ́gba ẹrù tó wà lórí bíárìǹgì náà lọ dáadáa. Lọ́dún 1886, Osborne Reynolds fi ìṣirò ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ọ̀pá tó ń yí ló ń fa ọ́ìlì wọ àárín ara rẹ̀ àti bíárìǹgì, ọ́ìlì náà a sì gbé e sókè. Iṣẹ́ pọ́ǹpù ni kí ọ́ìlì má tán níbẹ̀. Nítorí náà, bó ṣe ṣòro tó fún ọ́ìlì láti jáde ni gééjì ń wọ̀n. Ilé tí wọ́n ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹ́ńjìnnì tí bíárìǹgì rẹ̀ ti jẹ: omi ń dà níbi gbogbo, ti òkè pátápátá ló sì kọ́kọ́ ń dá. Bí a bá da ọ́ìlì tó ki sí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ gééjì á gòkè nítorí pé ọ́ìlì kò tètè rí ọ̀nà jáde mọ́. Ìyẹn kò sọ pé ọ́ìlì tó ń dé ibi tó yẹ ti pọ̀ sí i.

Síbẹ̀, irọ́ ni bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwà òmùgọ̀ ni dída ọ́ìlì tó ki. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ díẹ̀díẹ̀ káàkiri, ọ́ìlì tó ki lè bá ọkọ̀ dé ibi tí èyí tó ṣàn kò lè bá a dé. Ìkìlọ̀ nípa òtútù òwúrọ̀ tó kún inú ìwé àwọn òyìnbó kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan ẹni tó ń ṣáná sí ọkọ̀ rẹ̀ ní Ṣàgámù. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kì í bá ṣe jíjẹ ló fà á. Bí nọ́sù kan bá ń jò, dísẹ́ẹ̀lì á máa ṣàn lọ sínú sọ́ọ̀mpù tí ọ́ìlì ń gbé nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á sì máa mú ọ́ìlì náà ṣàn jù. Lórí ọ̀pá ìwọ̀n, ọ́ìlì á máa ga sí i, ọlọ́kọ̀ á sì máa yangàn pé ẹ́ńjìnnì òun kì í jẹ ọ́ìlì rárá. Ẹ fi imú kan ọ̀pá náà, ẹ ó gbọ́ òórùn ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tuntun tí wọ́n bá dà lé e lórí, láìpẹ́ yóò tún ṣàn bí èyí tó wà níbẹ̀. Tàbí kó jẹ́ pé asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì ló dí, nígbà mìíràn nítorí gọ́mù gáskẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà kẹ́yìn fi lẹ sọ́ọ̀mpù ní àpọ̀jù. Ọ́ìlì tó ki á wá tún ṣòro fún pọ́ǹpù láti fà gba ojú asẹ́ tó ti dí náà.

Yíyẹ̀wò tí mo ń sọ kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Gééjì onírin tí kò lo iná, tí wọ́n á dè mọ́ ojú ọ̀nà ọ́ìlì lára búlọ́ọ̀kù, ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Bí ohun tó kà bá dára, síńsọ̀ tó ń tan iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí wáyà rẹ̀ ló ń purọ́. Iṣẹ́ ríwáyà nìyẹn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bóòtù ẹ́ńjìnnì. Bó bá lọ sílẹ̀ ní sílò nígbà tó gbóná, tó sì gòkè dáadáa nígbà tí wọ́n tẹ iná mọ́ ọn, ká fura sí bíárìǹgì tàbí ọ́ìlì tó ti ṣàn jù. Bó bá kéré ní tútù, tó kéré ní gbígbóná, tí sáré kò yí i padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pọ́ǹpù, tàbí asẹ́ rẹ̀, tàbí fáàfù kékeré tó ń dín púrẹ́ṣọ̀ kù, tí ìdọ̀tí kan há mọ́ lẹ́nu tí kò jẹ́ kó padé. Bí abẹ́rẹ́ bá sì ń gbọ̀n, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń fà: bóyá ọ́ìlì kò tó, bóyá páìpù ìfamu ti là. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gé fíltà tó jáde lára ọkọ̀ náà, kí wọ́n tẹ́ ìwé inú rẹ̀, kí wọ́n fún ọ́ìlì rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi máńgẹ́ẹ̀tì rìn lórí rẹ̀. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ máńgẹ́ẹ̀tì, irin ni. Ohun tó ń dán tó láwọ̀ bàbà tí kò lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé awọ òkè bíárìǹgì ti tán, tí kíráńkì ti ń jẹ bàbà ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn ló yẹ kí wọ́n tú. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, orí ààtàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni fíltà ń gbà lọ, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rí tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà máa ń fèsì pé etí ló ni iṣẹ́ yìí. Etí wọn dájú lóòótọ́, n kò bá wọn jà. Bí bíárìǹgì bá ń lù, ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n kí bíárìǹgì tó pariwo, ó ti bàjẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé kọ̀ǹpútà rìn ní tiwọn gbà pé ayé etí ti kọjá. Àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé síńsọ̀ tó tan iná dáṣíbọ́ọ̀dù náà sábà máa ń jẹ́ síńsọ̀ kan náà tí kọ̀ǹpútà ń kà. Bí ẹlẹ́rìí bá purọ́, bíbi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ẹ̀rọ olówó ńlá kò sọ ọ́ di òótọ́. Àtakò tó lágbára jù ni ti àsìkò: ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù, ọlọ́kọ̀ ń pe fóònù, dírẹ́bà fẹ́ máa lọ. Síbẹ̀, gééjì kò gba wákàtí púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, a lè tú sọ́ọ̀mpù wo asẹ́ àti bíárìǹgì kan láì sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ẹni tí kò ní àsìkò fún èyí yóò wá àsìkò fún kíráńkì tó gé.

Owó ni gbogbo rẹ̀ padà dá lé. Owó wọ́kìmánṣíìpù ń tẹ̀lé bí ohun tí wọ́n tú ṣe pọ̀ tó, owó ẹ̀yìn láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì sì ń tẹ̀lé ohun tí wọ́n rà. Mẹkáníìkì tó rí i pé wáyà kan ló gé, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ títú, yóò gbọ́ “kí lo wá ṣe?” lẹ́nu ọlọ́kọ̀. Èyí tó tú ẹ́ńjìnnì tí kò ní àrùn kan palẹ̀ yóò gba owó ńlá àti ọpẹ́. Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì tó ń gba owó oṣù, tó ń yan alága, tó sì ń ṣe ayẹyẹ fríídọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ lè fi iye kan lélẹ̀ fún yíyẹ̀wò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ kò sì béèrè fún un. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ sanwó yíyẹ̀wò kí òun tó tú ohunkóhun, ẹ má bá a ná an. Ẹ san án, kí ẹ sì ní kó kọ nọ́ḿbà tí gééjì kà sílẹ̀ fún yín, ní sílò àti ní sáré, ní tútù àti ní gbígbóná.